Ẹ̀rọ ìgéko elépo àti oníbátìrì: ohun tí mo rí nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ mi l'Óṣogbo

Mẹkáníìkì tó tú ẹ̀ńjìnnì ẹ̀rọ ìgéko mi ní Ìgbọ̀nà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó yọ písítìnì jáde, irin tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú ẹ̀ńjìnnì, ó fi àkísà nù ún, ó ní, “Mọ́mì, ẹ fi ìka yín kàn án.” Mo fi ìka kàn án. Ibi tó yẹ kó máa dán ti ha láti òkè délẹ̀, ó rí bí ẹ̀gbẹ́ páálí ìṣáná tí wọ́n ń ṣá iná sí. Ó ní, “Epo lásán ni wọ́n dà sí i. Wọn ò po ọ́ìlì mọ́ ọn.”

Oṣù kẹjọ ni, ọ̀sẹ̀ ọdún Ọ̀ṣun, ẹbí ti ń wọ̀lú, ìwọlé àwọn ọmọ sì ń bọ̀ lóṣù kẹsàn-án. Ẹ̀rọ náà kò tíì pé oṣù mẹ́jọ lọ́wọ́ mi. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó bá mi gé koríko lọ́jọ́ yẹn kò mọ̀ọ́mọ̀. Ó rí kẹ́ẹ̀gì epo jẹnẹrétọ̀ nílẹ̀, ó bù níbẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ wa ní ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí lọ́tọ̀. Ẹ̀rọ ìgéko yìí kò ní. Inú epo tó ń jó gan-an ni ọ́ìlì rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà, òun ni kì í jẹ́ kí irin ha irin nínú lọ́hùn-ún.

Ilé ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi kékeré kan ni mo ní lójú ọ̀nà Ìlobù. Ilẹ̀ méjì ló para pọ̀: kíláàsì àti ibi ìṣeré wà lórí ọ̀kan, èkejì ṣì ṣófo. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, títí di oṣù kẹwàá, koríko kì í jẹ́ kéèyàn mí. Ọmọ ọdún mẹ́ta kò sì gbọdọ̀ máa ṣeré níbi tí ejò lè sá pamọ́ sí. Ìdí tí mo fi mú ọ̀rọ̀ yìí ní ọ̀kúnkúndùn nìyẹn.

N kò ní bu ẹnu àtẹ́ lu ẹ̀rọ elépo. Tèmi jẹ́ 52cc, ìyẹn bí ẹ̀ńjìnnì rẹ̀ ṣe tóbi tó, 135,000 náírà ni mo rà á. Lórí ilẹ̀ tó ṣófo yẹn, èèsún ti ga ju mi lọ, Akíntọ́lá-ta-kú sì ti nípọn tó àtàǹpàkò. Ọkùnrin mẹ́ta ló fi àdá bá mi ṣán an lọ́dún tó ṣáájú, ọjọ́ méjì ni wọ́n lò. A fi abẹ irin sí ẹnu ẹ̀rọ yìí, ká tó jẹun ọ̀sán, ó ti parí.

Ohun tó ń gbà lọ́wọ́ ẹni lẹ́yìn náà ni kí ẹ gbọ́. Ìwé tó bá tèmi wá ní 25:1, ìyẹn ni pé ọ́ìlì 40 ml fún lítà epo kan. Àwọn mìíràn jẹ́ 50:1, 20 ml fún lítà kan, nítorí náà ìwé ti ẹ̀rọ yín ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ọ́ìlì 2T ni o, irú èyí tí àwọn ọ̀kadà àtijọ́ ń lò, kì í ṣe ọ́ìlì mọ́tò. Àwọn èèyàn máa ń fi ìdérí ike wọ̀n ọ́n, ojú lásán ni wọ́n fi ń bù ú. Èmi lọ ra sírínjì 20 ml ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísìtì. Lítà méjì ni mò ń pò lẹ́ẹ̀kan, sírínjì mẹ́rin, mo sì fi ọ̀dà pupa kọ TI KORÍKO sára kẹ́ẹ̀gì rẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni kò tún ṣì í mú.

Epo tó bá sùn sínú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan tún máa ń di bí oje, á dí kábúrétọ̀ tó ń gbé epo wọ ẹ̀ńjìnnì, ẹ ó máa fa okùn títí apá á fi ro yín. Mo ń da epo rẹ̀ nù tán báyìí, mo sì ń jẹ́ kó ṣiṣẹ́ títí yóò fi kú fúnra rẹ̀ kí n tó gbé e pamọ́. Ó wúwo. Bí ẹ bá lò ó fún wákàtí kan, ọwọ́ yín á ṣì máa gbọ̀n nígbà tí ẹ bá di kọ́ọ̀bù tíì mú. Epo fúnra rẹ̀ ńkọ́? Kí ìjọba tó yọ owó ìrànwọ́ lóṣù karùn-ún ọdún 2023, iye tí ìjọba fi lé lítà kan kò tó 200 náírà. Ẹ mọ iye tí a ń rà á báyìí.

Ariwo rẹ̀ ló wá lé mi lọ sọ́dọ̀ oníbátìrì. Aago kan ọ̀sán ni àwọn ọmọ wa ń sùn. Bí ẹ̀rọ yẹn bá ti dún, gbogbo wọn jí nìyẹn, ẹkún sì gba kíláàsì kan.

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ ontajà, ó gbé páálí kan sílẹ̀ tí wọ́n kọ 88V gàdàgbà sí lára, V ni fóòtì, bí iná bátìrì ṣe lágbára tó. “Ìyá mi, eléyìí lágbára ju elépo lọ.” Mo ní kó fún mi ní ṣájà rẹ̀, mo yí i padà. Níbi tí wọ́n kọ iye iná tó ń jáde sí, 21V ló wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ni kí ẹ máa wò. Bátìrì kéékèèké márùn-ún ni wọ́n tò sínú irú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan kì í ju 4.2V lọ bó bá kún, márùn-ún wá di 21V. Ẹ tún wo Ah rẹ̀, torí òun ló ń sọ bó ṣe máa pẹ́ tó. 2Ah ni tèmi. N kò bá ontajà jà, bí wọ́n ṣe gbé e wá láti Ṣáínà ló ṣe ń tà á, ṣùgbọ́n n kò fi kọ́bọ̀ kan kún owó nítorí 88V. 52,000 náírà ni mo san, bátìrì méjì, ṣájà kan.

Bátìrì kan máa ń lo bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lórí koríko kúkúrú, gbégi àti irú rẹ̀. Méjèèjì tó fún ibi ìṣeré àti iwájú kíláàsì. Láti gba iná kún, ohun tí ọ̀kan ń jẹ kò jìnnà sí ti gílóòbù 40-watt tí ẹ tàn fún wákàtí kan, nítorí náà bí iná bá dé fún wákàtí díẹ̀ lálẹ́, ó ti tó wa, sólà kékeré tó wà ní ọ́fíìsì náà sì lè ṣe é. Ìyá Ìbejì tó ń tún ọgbà wa ṣe ló ń lò ó báyìí. Kò dúró de ọkùnrin kankan kó wá bá òun fa okùn. Aago kan ààbọ̀ ọ̀sán ló gé ẹ̀yìn fèrèsé àwọn ọmọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà mò ń wò wọ́n, ẹyọ kan kò yí ẹ̀gbẹ́ padà.

Àmọ́ ẹ má gbé e wọ igbó. A dán an wò nínú koríko tó dé orúnkún, bátìrì gbóná bí àmàlà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná, ẹ̀rọ sì dákẹ́. Ẹ jẹ́ kó tutù dáadáa kí ẹ tó ti ṣájà bọ̀ ọ́, ẹ má sì tọ́jú rẹ̀ sínú mọ́tò tàbí abẹ́ páànù, ooru ló ń pa á. Abẹ oníke tó bá a wá kò lágbára: mẹ́fà ni, mẹ́rin ti kán lára ògiri búlọ́ọ̀kù láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ ra èyí tó máa dúró de èyí tó kán lọ́jọ́ kan náà tí ẹ bá ra ẹ̀rọ.

Méjèèjì ló ń ta òkúta. Elépo mi ti fọ́ gíláàsì fèrèsé kan rí, Sátidé ni, ọmọ kankan kò sí nílé ẹ̀kọ́. Láti ọjọ́ náà, ẹni tí kò bá fi awò dáàbò bo ojú kò gbọdọ̀ tan ẹ̀rọ kankan nínú ọgbà mi, ọmọdé kò sì gbọdọ̀ sí níta.

Bí ilẹ̀ yín kò bá ju iwájú ilé àti ẹ̀yìnkùlé lọ, tí ẹ ó sì máa gé e lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, oníbátìrì ni kí ẹ rà. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ tó ń di igbó láàárín oṣù méjì, elépo ni. Mo tún tèmi ṣe, písítìnì tuntun ló wà nínú rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́dún ni à ń gbé e lọ sórí ilẹ̀ kejì. Kí òjò tó tún dé, bátìrì kẹta ni mo fẹ́ fi kún un. Ẹnu bátìrì oríṣiríṣi ẹ̀rọ wọ̀nyí kì í bára mu, nítorí náà mo ti gbé ọ̀kan nínú tèmi fún ontajà kó máa fi wọ̀n ọ́n títí yóò fi rí èyí tó wọlé.