Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tó ń fi drone ṣiṣẹ́ ní ìlú ọba: ìnṣọ́ránsì £90 orí WhatsApp yẹn, ẹ má rà á

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tó ń ya fídíò òde ní Lọ́ńdọ̀nù àti agbègbè rẹ̀, ẹ dákun, ẹ ka èyí kí ẹ tó gbé drone jáde ní Sátidé. Ọkùnrin kan ń ti gúrúùpù WhatsApp kan bọ́ sí òmíràn, ó ń ta ìnṣọ́ránsì drone ní £90, ìwé á sì ti wọlé sórí fóònù yín kí ẹ tó jẹun tán. Ọmọ wa ni. Yorùbá ẹnu rẹ̀ já gaara, "ẹ̀gbọ́n mi" ni gbogbo ènìyàn lójú rẹ̀, á tún gbàdúrà sí iṣẹ́ yín kó tó fi nọ́ńbà àkáǹtì ránṣẹ́. Jìbìtì pọ́ńbélé ni.

Ọ̀rẹ́ mi kan ló kọ́kọ́ kó sí i. Ó gba iṣẹ́ ìgbéyàwó ní gbọ̀ngán kan ní Kent, máníjà ibẹ̀ sì ní drone kankan kò ní gbéra nínú ọgbà àwọn láìjẹ́ pé òun rí ìwé ìnṣọ́ránsì rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi fi ránṣẹ́. Máníjà náà fèsì ní ìlà kan péré: ìwé yìí sọ pé ó bẹ̀rẹ̀ ní 31 June, ọjọ́ mélòó ló wà nínú oṣù June? Ìgbà yẹn la tó tẹjú mọ́ ìwé náà. Lẹ́tà tí wọ́n fi kọ orúkọ ọ̀rẹ́ mi sanra ju ti ibi yòókù lọ. Nọ́ńbà tí wọ́n ní kí a pè bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, 07 ló fi bẹ̀rẹ̀, fóònù alágbèéká ẹnì kan. Kò sí nọ́ńbà ìdánimọ̀ drone níbì kankan, bẹ́ẹ̀ ni kò sí orúkọ irú drone tó jẹ́. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi, ìyàwó àti ọkọ sì bínú, wọn ò jẹ̀bi.

Ti àbúrò wa obìnrin kan ló dùn mí jù, torí òun gbìyànjú láti yẹ ìwé tirẹ̀ wò. Ó pe ilé-iṣẹ́ adójútòfò tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé, ó ka nọ́ńbà ìwé náà fún wọn, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, ó wà lọ́dọ̀ àwọn. Inú rẹ̀ dùn. Mo ní kó pè wọ́n padà, kó bi wọ́n ní ohun tí ìwé náà bò. Háà! Ẹni tó ń fi drone ṣeré nílé ni wọ́n fi rà á, àdírẹ́sì ìlú mìíràn ló wà lórí rẹ̀, drone ibẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Ọkùnrin yẹn ra ojúlówó ìwé olówó pọ́ọ́kú, ó wá yí ọ̀rọ̀ inú PDF padà, ó sọ "eré" di "iṣẹ́". Torí náà, ẹ má kàn bi wọ́n pé ṣé nọ́ńbà yìí wà. Ẹ bi wọ́n pé: orúkọ ta ni, drone wo, iṣẹ́ wo, ọjọ́ wo sí ọjọ́ wo, iye wo.

Ghost broking ni àwọn ọlọ́pàá ibí ń pe irú òwò yìí. Ìnṣọ́ránsì mọ́tò ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n mọ́ jù, ọlọ́pàá City of London sì ní ẹ̀ka kan tó ń gbógun ti jìbìtì ìnṣọ́ránsì láti 2012. Àwọn kan á ṣe ayédèrú ìwé pátápátá, bíi ti ọ̀rẹ́ mi. Àwọn kan á fi irọ́ ra ojúlówó, bíi ti àbúrò wa. Àwọn kan á rà á dáadáa ní orúkọ yín, á sì pegedé. Bó bá di ọjọ́ mélòó kan, wọn á fagi lé e lẹ́yìn yín, wọn á gba owó tó kù padà sápò. Ti ìkẹyìn yìí ló burú jù lójú tèmi, torí lọ́jọ́ tí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, kò ní àléébù kankan.

Ohun tó ń jẹ́ kí a máa kó sí i ni pé àwa fúnra wa ò mọ ohun tí òfin béèrè. Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín bí mo ṣe mọ̀ ọ́n.

Kí 2020 tó parí, ẹni tó bá fẹ́ fi drone gbowó gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda kan tí wọ́n ń pè ní PfCO lọ́wọ́ CAA, àjọ tó ń ṣàkóso òfurufú níbí. Láti 31 December 2020, wọ́n ti fòpin sí ìyẹn. Ewu tó wà nínú bí a ṣe ń fò ó ni wọ́n ń wò báyìí, kì í ṣe bóyá a gbowó. Ọ̀pọ̀ wa wá gbà pé ìnṣọ́ránsì náà ti bá a lọ. Rárá o. Ìnṣọ́ránsì ṣì ń béèrè bóyá eré ni tàbí iṣẹ́. Bí drone yín ò bá tó 20kg tó sì jẹ́ pé eré ìdárayá lẹ fi ń ṣe, ẹ lè rà á, ẹ sì lè má rà á. Tí iṣẹ́ bá ti wọ̀ ọ́, dandan ni. Àwọn tó ń lo drone kékeré tí kò tó 250g, ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá wí: kíkéré rẹ̀ kò yọ yín nínú èyí.

Òfin tó dè é ni EC 785/2004. Ti ilẹ̀ Yúróòpù ni tẹ́lẹ̀, Bìrìtìkó sì mú un mọ́ra nígbà tí wọ́n kúrò ní EU. Fún ohun tó ń fò tí kò tó 500kg, ó kéré tán, ìnṣọ́ránsì ìpalára fún ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ tó 750,000 SDR. Owó ìṣirò IMF, àjọ owó àgbáyé, ni SDR. Tí ẹ bá ṣẹ́ ẹ sí pọ́n-ùn, ó ju £700,000 lọ. Ìdí nìyẹn tí ojúlówó ìwé fi sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn. Ó tún gbọ́dọ̀ bo ogun, ìpániláyà, kí ẹnì kan já drone gbà lójú òfurufú, àti rògbòdìyàn ìgboro. Ẹ má rẹ́rìn-ín, mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń jagun níbi ìkómọjáde. Ṣùgbọ́n òfin kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ìwé tí kò bá sì dárúkọ 785 rárá, ẹ bi í léèrè dáadáa.

Public liability, ìyẹn ìnṣọ́ránsì ìpalára fún ẹlòmíràn, tí ẹ ní fún kámẹ́rà, iná àti wáyà tó lè gbé èèyàn ṣubú, ó sábà máa ń yọ ohun tó ń fò sílẹ̀. Ẹ ka ojú ewé tí wọ́n to ohun tí wọn kò bò sí. Èyí tí ẹ̀ ń rí gbà nínú ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ drone, eré ló sábà máa ń wà fún, kì í ṣe òde olówó.

Kí ẹ tó sanwó fún alárinà èyíkéyìí, ẹ wá orúkọ rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì nínú Register, ìwé àkọsílẹ̀ FCA, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn tó ń ta ìnṣọ́ránsì. Ọ̀fẹ́ ni. Alárinà kékeré lè wà níbẹ̀ lábẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń ṣojú fún, kò burú. Èyí tó burú ni kí ó jí orúkọ ilé-iṣẹ́ gidi lò. Torí náà, nọ́ńbà fóònù tí ẹ rí nínú Register ni kí ẹ pè, ẹ má pe ti orí ìwé. Tó bá sì ní kí ẹ fowó ránṣẹ́ sí àkáǹtì tó jẹ́ orúkọ èèyàn, ọ̀rọ̀ ti parí.

Ọkùnrin yìí tún ń sọ fáwọn kan pé ìwé òun bo Nàìjíríà náà, torí ó mọ̀ pé a máa ń gbé drone lọ sílé ní December. Irọ́ ni. Ìwé ibí ní ààlà ibi tó dé, Nàìjíríà sì ní òfin tirẹ̀: ìwé àṣẹ láti ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí ètò ààbò, ONSA, àti ti NCAA tó ń ṣàkóso òfurufú. Láìsí ti ONSA lọ́wọ́, kọ́sítọ́ọ̀mù lè gbà á lọ́wọ́ yín ní pápákọ̀ òfurufú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti sanwó, ẹ pe báǹkì yín lónìí. Tí ẹ bá tẹ nọ́ńbà fóònù 159, ó máa so yín pọ̀ mọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Láti 7 October 2024, báǹkì gbọ́dọ̀ dá owó padà fún ẹni tí wọ́n fi irọ́ tàn láti fowó ránṣẹ́, tó bá fi ẹjọ́ sùn láàárín oṣù 13. Oníṣòwò kékeré wà nínú rẹ̀. Àmọ́ òfin gbà wọ́n láyè láti yọ tó £100 nínú ohun tí ẹ béèrè. Ẹ wo iye tí ọkùnrin yìí ń gbà: £90. N ò rò pé ó ṣèèṣì bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ẹ sùn ún, torí àwọn báǹkì kan kì í yọ £100 yẹn, ẹjọ́ yín ló sì máa jẹ́ kí wọ́n tètè dí àkáǹtì rẹ̀. Ẹ má pa ọ̀rọ̀ WhatsApp yẹn rẹ́, ẹ má sì bá a jà nínú gúrúùpù kó má baà sá.

Ẹni tó bá ní iṣẹ́ lọ́la, tí ìwé ọkùnrin yìí nìkan ló ní, kó fi drone sílẹ̀ nílé, kó fi kámẹ́rà ọwọ́ ṣiṣẹ́, kó sì tètè ṣàlàyé fún ẹni tó gbé iṣẹ́ fún un. Tí drone bá pọn dandan, àwọn ilé-iṣẹ́ kan wà nínú Register tó ń ta ti ọjọ́ kan ṣoṣo.