HDBSCAN nínú scikit-learn: ohun tí mo rí nígbà tí mo lò ó

HDBSCAN jẹ́ ọ̀nà kan tí kọ̀ǹpútà fi ń wá ìṣùpọ̀, ìyẹn àwọn ààmì (ẹyọ dátà kọ̀ọ̀kan) tó fún mọ́ra; scikit-learn sì ni àkójọ irinṣẹ́ Python tí mo ti lò ó. Ẹni tó bá ń wá ìṣùpọ̀ nínú dátà, k-means, ọ̀nà mìíràn, ló sábà máa kọ́kọ́ gbá mú. Ó yá, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ sọ iye ìṣùpọ̀ tó wà níbẹ̀ kó tó ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ohun tí à ń wá gan-an nìyẹn. Ó tún máa ń fipá kó gbogbo ààmì sábẹ́ ìṣùpọ̀ kan tàbí òmíràn, títí kan èyí tó dá dúró lókèèrè.

Ìdí tí mo fi fẹ́ràn DBSCAN nìyí, ọ̀nà ìwá-ìṣùpọ̀ tí Ester, Kriegel, Sander àti Xu gbé jáde ní 1996. Ibi tí ààmì bá ti fún mọ́ra ló ń pè ní ìṣùpọ̀, ì báà rí roboto, ì báà rí kọ́lọkọ̀lọ. Èyí tí kò bá lẹ́gbẹ́, -1 ló ń fún un, ìyẹn pé kò sí nínú ìṣùpọ̀ kankan. Ó tẹ́ mi lọ́rùn gidigidi pé kì í parọ́ mọ́ ààmì tí kò bá ẹnikẹ́ni rìn.

eps ni wàhálà rẹ̀, ìyẹn bí ààmì méjì ṣe gbọ́dọ̀ súnmọ́ra tó kí wọ́n tó jẹ́ aládùúgbò. Bí ẹ kò bá sọ nǹkan kan, 0.5 ni scikit-learn máa lò, àmọ́ 0.5 kí ni? Ibi tí ọkọ̀ ti ń dúró ni dátà tèmi, látitúùdù àti lọngitúùdù. Pẹ̀lú haversine, ìlànà tó ń wọn ìjìnnà lórí ilẹ̀ ayé, radian (ìwọ̀n igun) ló ń retí, látitúùdù ló sì gbọ́dọ̀ ṣíwájú. Mítà 200 á wá di 200 tí a fi 6,371,000 (rédíọ̀sì ayé ní mítà) pín, nǹkan bí 0.0000314. Ẹni tó bá kọ 200 gbalaja síbẹ̀ á rí ìṣùpọ̀ kan ṣoṣo, torí ibi méjì tó jìnnà síra jù láyé kò ju radian 3.14 lọ.

Kódà bí eps bá ṣe rẹ́gí, èyí tó bá àárín ìlú mu á sọ ìgbèríko di -1. Èyí tó bá ìgbèríko mu á lẹ àárín ìlú pọ̀ di ẹyọ kan. Ibẹ̀ gan-an ni HDBSCAN ti ta á yọ. Campello, Moulavi àti Sander ló gbé e jáde ní 2013, ó sì ti wà nínú scikit-learn láti ẹ̀dà 1.3. Kò béèrè eps: ó ń yẹ gbogbo ìwọ̀n eps wò, ó sì ń mú ìṣùpọ̀ tó bá pẹ́ kó tó tú. Iye ààmì tó kéré jù tó lè jẹ́ ìṣùpọ̀, min_cluster_size, ló ń fẹ́ gbọ́, ẹni tó bá sì mọ dátà rẹ̀ lè dáhùn ìyẹn.

Ó máa ń da ààmì púpọ̀ sí -1 o, pàápàá bí òpó dátà, ìyẹn iye ohun tí a wọ̀n lórí ààmì kọ̀ọ̀kan, bá pọ̀ rẹpẹtẹ. Ẹ dín òpó kù ná. Bí ìjìnnà bá sì ti ní ìtumọ̀ tó dájú, bíi mítà 50, DBSCAN ni mo ṣì ń lò.