Scratch: irinṣẹ́ fún ọmọ tó ní òun fẹ́ ṣe géèmù

Bí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án bá ní òun fẹ́ máa ṣe géèmù tóun bá dàgbà, ọ̀pọ̀ òbí á yìn ín, wọ́n á sì ní kó tẹra mọ́ ìwé rẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀, àmọ́ ọdún mẹ́wàá jìnnà jù lójú ọmọdé. Kí ohun tó wù ú má bàa kú mọ́ ọn nínú, ó yẹ kó rí díẹ̀ ṣe nínú rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, kó parí rẹ̀, kó sì rí ẹlòmíì tó fi ṣeré. Nínú gbogbo irinṣẹ́ tí a mọ̀ fún èyí, Scratch la fẹ́ràn jù, ọ̀fẹ́ sì ni. Síbẹ̀, ó níbi tó kù sí.

Ẹgbẹ́ olùwádìí tí Mitchel Resnick ń darí ní MIT Media Lab, ní Amẹ́ríkà, ló ṣe é. Ọdún 2007 ni wọ́n gbé e jáde fún gbogbo ayé. Ẹ̀yà kẹta, Scratch 3.0, jáde ní ọdún 2019. Ọmọ ọdún 8 sí 16 ni wọ́n ṣe é fún. Ọmọ kò ní fi ọwọ́ tẹ àṣẹ kankan fún kọ̀ǹpútà. Búlọ́ọ̀kù aláwọ̀ ni yóò máa fà wá tí yóò sì máa tò lérí ara wọn: búlúù fún ìrìn, èsè àlùkò fún ìrísí, yẹ́lò fún ohun tó ń mú kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Búlọ́ọ̀kù tí kò bá bá èkejì mu kò ní wọlé sí i, nítorí náà ọmọ kò ní máa wá àmì kékeré kan tó gbàgbé kiri. Fún ọmọ ọdún 5 sí 7 tí kò tíì mọ̀wé kà dáadáa, ScratchJr tó jáde lọ́dún 2014 ló yẹ: àwòrán ni gbogbo búlọ́ọ̀kù rẹ̀, láti òsì sí ọ̀tún ni wọ́n ń tò ó, iṣẹ́ kan sì lè ní ojú ewé mẹ́rin.

Kọ̀ǹpútà tó ní máòsì ló dára jù fún un. Lórí fóònù, àyè kéré ju kí ọmọ máa fa búlọ́ọ̀kù lọ, inú á kàn máa bí i. Bí íntánẹ́ẹ̀tì kò bá ṣeé gbára lé, ẹ gba ẹ̀yà tí wọ́n ń gbé sórí kọ̀ǹpútà, kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn náà. Ẹ kọ́ ọmọ láti ọjọ́ kìíní pé kó máa fi iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́ sórí kọ̀ǹpútà bí kò bá ní àkáǹtì. Bí wọ́n bá ti ojú ìwé náà pa láìṣe bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ti lọ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ọmọ kì í padà sídìí ẹ̀ mọ́ lẹ́yìn irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

Géèmù tí a máa ń dá lábàá fún ìbẹ̀rẹ̀ ni èyí tí ápù ń já bọ́ látòkè tí abọ́ ń gbà á. Àwòrán méjèèjì wà nínú àpótí Scratch. Pèpéle tí wọ́n ń rìn lórí rẹ̀ fẹ̀ tó 480, ó ga tó 360. x ni ipò láti òsì sí ọ̀tún, y ni láti ìsàlẹ̀ sókè; àárín rẹ̀ ni x 0 àti y 0. Ẹ jẹ́ kí abọ́ bẹ̀rẹ̀ ní x 0, y -150. Nínú búlọ́ọ̀kù “forever”, èyí tó ń tún iṣẹ́ inú rẹ̀ ṣe láìdúró, bí ọmọ bá tẹ ọfà ọ̀tún, kí x fi 10 pọ̀ sí i. Bó bá tẹ ti òsì, kó fi 10 dín kù. Ápù ní tirẹ̀, kó lọ sí y 170, kí x rẹ̀ jẹ́ iye èyíkéyìí láàárín -220 sí 220, kí y máa fi 5 dín kù títí yóò fi dé ìsàlẹ̀, kó tún padà sókè. Ẹ jẹ́ kó ṣe ti abọ́ tán, kó dán an wò, kó tó fọwọ́ kan ápù. Máàkì ló kẹ́yìn. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ibi tí nǹkan ti ń bàjẹ́ kò pọ̀, àwọn kan náà ló sì máa ń jẹ́. Bí abọ́ kò bá gbéra rárá, ọmọ ti fi “if”, búlọ́ọ̀kù tó ń wò ó bóyá nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀, sílẹ̀ láìfi “forever” yí i ká: kọ̀ǹpútà wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó sì kọjá lọ. Bí ápù kan ṣoṣo bá fún un ní máàkì mẹ́jọ, ohun tó fà á ni pé Scratch ń yẹ̀ ẹ́ wò ní nǹkan bí ìgbà 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, gbogbo ìgbà tí ápù ṣì kan abọ́ ló sì ń kà. Kí ápù padà sókè lójú ẹsẹ̀ tí máàkì bá ti wọlé. Bí máàkì àná bá ṣì wà níbẹ̀, kò dá a padà sí 0 lábẹ́ àsíá àwọ̀ ewé tí a ń tẹ̀ kí géèmù bẹ̀rẹ̀. Bí ápù bá há sísàlẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé -250 ló ní kó dé. Scratch kì í jẹ́ kí àwòrán jáde pátápátá, kò lè débẹ̀ láé. -170 tó. Ológbò, àwòrán tó máa ń wà nínú iṣẹ́ tuntun, tó ń fi orí rìn bó bá yíjú sósì kò bàjẹ́ o: ẹ yí ọ̀nà ìyípo rẹ̀ sí “left-right”.

Níbi wọ̀nyí gan-an ni òbí ti máa ń gba máòsì lọ́wọ́ ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà á. Ẹ bi í pé: kí lo fẹ́ kó ṣe? Kí ló ń ṣe báyìí? Búlọ́ọ̀kù wo ló yẹ kó ṣe ìyẹn? Ọmọ tó bá ń sọ ìdáhùn jáde lẹ́nu sábà máa ń rí àṣìṣe náà fúnra rẹ̀, ayọ̀ tó bá a ní ìṣẹ́jú yẹn ni yóò mú un padà wá lọ́la.

Kì í ṣe ọmọ géèmù nìkan ló wúlò fún. Èyí tí orin wù, ẹ fi àfikún tí wọ́n ń pè ní Music kún un: oríṣi ìlù 18 àti ohun èlò orin 21 ló wà níbẹ̀. Èyí tó ń pìtàn lè mú kí àwòrán méjì máa bára wọn sọ̀rọ̀, àmọ́ bó bá ń fi “wait” díwọ̀n àkókò, wọ́n á máa já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ra wọn lẹ́nu. “Broadcast” ni kí ẹni àkọ́kọ́ fi pe ẹnì kejì. Ayàwòrán ní tirẹ̀ yóò pààrọ̀ aṣọ àwòrán rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kó lè dà bí ẹni ń rìn, kó sì fi ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá sáàárín, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò sáré kọjá ohun tójú lè rí.

Ohun tó ń kọ wá lóminú jù ni ìkànnì tí àwọn ọmọ ti ń pín iṣẹ́ wọn. Ó dára púpọ̀: ọmọ lè ṣí iṣẹ́ ẹlòmíì wò nínú, kó sì tún un ṣe ní tirẹ̀. Àmọ́ ọmọ tún lè jókòó síbẹ̀ wákàtí mẹ́ta, kó máa ṣeré tẹlòmíì láìṣe búlọ́ọ̀kù kan. Bó bá ti ń rí bẹ́ẹ̀, ẹ lo ẹ̀yà orí kọ̀ǹpútà fún oṣù kan. Kí orúkọ àkáǹtì má jẹ́ orúkọ ọmọ gan-an, kò sì gbọ́dọ̀ fi ojú rẹ̀ tàbí iléèwé rẹ̀ hàn nínú iṣẹ́. Ẹ lè pa àyè tí wọ́n ti ń kọ èsì sábẹ́ iṣẹ́ rẹ̀.

Yóò pẹ́ yóò yá, ọmọ yóò béèrè ohun tí Scratch kò lè ṣe dáadáa. Ẹ̀dà àwòrán kò lè ju 300 lọ nínú iṣẹ́ kan, àwòrán 3D, tó ní gígùn, ìbú àti jíjìn bíi ti àwọn géèmù ńlá, kò sì sí níbẹ̀. Python, èdè tí wọ́n fi ń kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, tó ní turtle tí wọ́n fi ń yàwòrán, ni kó bọ́ sí. Àárín ibẹ̀ náà ni x 0 àti y 0, kò ní ṣòro fún un. Ohun tó ṣeé ṣe kó kọ́kọ́ da orí rẹ̀ rú ni pé 90 ni ọ̀tún nínú Scratch, nínú turtle, 0 ni.