Ásíìdì, bílíìṣì, ọṣẹ tàbí ẹ̀rọ: èwo ni kí ẹ rà fún àgbàlá olókùúta?

Bí ẹ bá dé ọjà l'Óṣogbo tí ẹ ní ẹ ń wá ohun tí ẹ máa fi fọ òkúta tí ẹ tẹ́ síwájú ilé, ásíìdì ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ nà sí yín. Àwọn tó ń lẹ táìlì ló sọ ọ́ di gbajúmọ̀, torí ó máa ń jẹ àjẹkù sìmẹ́ǹtì kúrò lójú táìlì. Òkúta ńkọ́? Ìyẹn dá lórí irú èyí tó wà nílẹ̀.

Ẹ mọ òkúta yín kí ẹ tó náwó

Mábù àti limestone, ọmọ ìyá ni wọ́n. Calcium carbonate ló pọ̀ jù nínú wọn, ásíìdì sì máa ń jẹ ẹ́. Irú mábù tí wọ́n ń wà ní Ìgbẹ́tì, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, wà lára wọn. Gíránáìtì le jù wọ́n lọ, torí ohun tó wà nínú tiẹ̀ yàtọ̀. Bí kò bá dá yín lójú, ẹ wá àfọ́kù tó ṣẹ́kù nígbà iṣẹ́, kí ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i lójú. Bó bá hó, tàbí tí ojú ibẹ̀ di bàìbàì lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10, ìdílé mábù ni. Ẹ má dán an wò lórí èyí tó wà nílẹ̀ o.

Interlock ni ọ̀pọ̀ ilé ní, kì í sì í ṣe òkúta àdáyébá. Sìmẹ́ǹtì àti yanrìn ni, ásíìdì ń jẹ òun náà.

Ásíìdì àti bílíìṣì

Lórí mábù, ìbàjẹ́ tí ásíìdì bá ṣe kò ní ọṣẹ tó lè tún un ṣe. Àfi kí wọ́n fi ẹ̀rọ dán an padà, owó ńlá sì nìyẹn. Lórí gíránáìtì ẹ lè má rí nǹkan kan lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń jẹ sìmẹ́ǹtì tó wà láàárín òkúta sí òkúta. Fínígà, àti ohun ìfọ ilé ìyàgbẹ́ tó ní hydrochloric acid nínú, ásíìdì ni àwọn náà. Èmi ò ní ra ìkankan nínú wọn fún àgbàlá.

Bílíìṣì dáa jù ú lọ. Owó pọ́ọ́kú ni wọ́n ń tà á, ó sì ń tètè pa ohun àwọ̀ ewé tó ń yọ̀ tó máa ń bo ilẹ̀ lásìkò òjò. Àbùkù rẹ̀ ni pé iyọ̀ ló ń ṣẹ́kù lẹ́yìn rẹ̀. Bí iyọ̀ yìí bá wọ inú òkúta iyanrìn (sandstone, òkúta àdáyébá ni, kì í ṣe interlock) tó sì gbẹ, ó máa ń tì í síta, ojú òkúta á máa bó. Ó tún ń pa òdòdó. Ẹ má dà á pọ̀ mọ́ ásíìdì láé: gáàsì tó ń jáde lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Ohun tí èmi máa rà

Sodium percarbonate. Lẹ́búlẹ́bú funfun ni. Ẹ bi àwọn tó ń ta kẹ́míkà tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ. Nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ó ń di sódà (soda ash) àti hydrogen peroxide, kì í sì í fi iyọ̀ bílíìṣì sílẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi omi rin òkúta, ẹ po lẹ́búlẹ́bú náà mọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ dà á sí i, ẹ fi sílẹ̀ tó ìṣẹ́jú 20, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, kí ẹ ṣàn án dáadáa. Kò yá tó bílíìṣì. Èyí tí ẹ bá ti pò, ẹ má dé e sínú ìgò, torí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè fọ́ ìgò náà.

Fún ìdọ̀tí ojoojúmọ́, ọṣẹ tí wọ́n kọ pH 7 sí lára (ìyẹn èyí tí kò fì sí ásíìdì tàbí álíkálì) tó. Bí ẹ ò bá rí i, ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́ á ṣe é. Ọṣẹ dúdú àti ọṣẹ ìfọṣọ máa ń fi ohun tó ń lẹ̀ sílẹ̀, eruku ọyẹ́ á sì máa dúró sórí rẹ̀.

Ẹ̀rọ tàbí búrọ́ọ̀ṣì?

Ẹni tí àgbàlá rẹ̀ kò ju ibi tí ọkọ̀ méjì lè dúró sí, kí ló fẹ́ fi ẹ̀rọ tó ń fi agbára ta omi (pressure washer) ṣe? A ò tíì sọ ti iná àti omi tó máa lò. Ẹ̀rọ kékeré tó ń lo iná sábà máa ń wà láàárín PSI (òṣùwọ̀n agbára tí omi fi ń jáde) 1,400 sí 2,000. Èyí tó ń mu bẹntiróòlù ń kọjá bẹ́ẹ̀ dáadáa. Òkúta iyanrìn kò fẹ́ ju nǹkan bí 1,000 lọ. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bèèrè bóyá ẹ lè dín agbára rẹ̀ kù. Ẹnu funfun tó ń fọ́n omi ká ni kí ẹ lò, ní nǹkan bí 30cm sílẹ̀. Ẹnu pupa tó ń ta omi sójú kan máa ń gbẹ́ òkúta.

Búrọ́ọ̀ṣì oníke ni kí ẹ rà. Ti wáyà máa ń ha òkúta, èérún irin rẹ̀ á sì dógùn-ún síbẹ̀.

Epo pupa tó kán sílẹ̀ níbi ìnáwó, kò sí ẹ̀rọ tó lè fọ̀ ọ́ tán. Ẹ po páúdà talc pọ̀ mọ́ ọṣẹ abọ́ àti omi díẹ̀ títí á fi ki, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, ẹ fi ọ̀rá (náílọ́ọ̀nù) bò ó di ọjọ́ kejì. Ó lè gbà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Sealer

Sealer ni ohun olómi tí wọ́n ń fi pa òkúta kí omi àti ìdọ̀tí má bàa wọ inú rẹ̀. Oríṣi méjì ló wà: èyí tó ń wọ inú òkúta, àti èyí tó ń di awọ sórí rẹ̀. Awọ yẹn máa ń bó nínú oòrùn, ó sì ń yọ̀ bí òjò bá rọ̀, nítorí náà ẹ ra ti àkọ́kọ́. Ẹ kán omi sórí òkúta ná: bí kò bá wọlé, ẹ ò tíì nílò rẹ̀. Bó bá wọlé, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ fi í sí i, lẹ́yìn tí òkúta ti gbẹ fún wákàtí 24 ó kéré tán, torí omi tí sealer bá sé mọ́ inú kì í rí ọ̀nà jáde bọ̀rọ̀.