Táìlì àbí kápẹ́ẹ̀tì: ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ ṣe ilẹ̀ ilé rẹ́ǹtì

Ẹni tó fẹ́ gbé ilé fún ayálégbé, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ rò kó tó kan ọ̀dà ara ògiri. Ọ̀dà, ẹ lè tún un kùn nígbàkígbà tí ẹnì kan bá kó jáde. Ilẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń tú lọ́dọọdún. Ní Èkó, Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti àyíká wọn, ohun méjì ni àwọn onílé sábà máa ń rò: kí wọ́n lẹ táìlì, tàbí kí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì dán ilẹ̀, kí wọ́n sì tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lé e. Ti pákó tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ lókè òkun, a ò gba onílé rẹ́ǹtì níyànjú láti gbé e wá síbí. Ikán ń jẹ ẹ́, ọ̀rinrin ń mú un wú, bí ẹnì kan bá sì gbàgbé ẹ̀rọ omi ní ṣíṣí lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo, gbogbo etí rẹ̀ á gbé sókè.

Oríṣi kápẹ́ẹ̀tì méjì ló wà lọ́jà. Ọ̀kan ni onírọ́bà, tí wọ́n ń ká bí ẹní tí wọ́n sì ń gé tà. Èkejì ni onírun, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní rọ́ọ̀gì. Ohun tó ń ba méjèèjì jẹ́ kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ ilẹ̀ náà wò

Yàrá ìsàlẹ̀ ń fa omi látinú ilẹ̀, pàápàá lágbègbè tó sún mọ́ ọ̀sà àti àbàtà, bí Lẹ́kí àti Ajah. Bí wọn ò bá tẹ́ náílọ́ọ̀nù tó nípọn sábẹ́ kọnkéré tí àwọn bírikìlà ń pè ní German floor, ọ̀rinrin á máa gòkè díẹ̀díẹ̀, àgàgà lásìkò òjò. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ nìyí: ẹ gé náílọ́ọ̀nù tó mọ́ gaara, mítà 1 níbùú àti lóròó, ẹ fi tépù lẹ gbogbo etí rẹ̀ mọ́ ilẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ 2. Bí omi bá sẹ̀ sí inú rẹ̀, tàbí tí sìmẹ́ǹtì abẹ́ rẹ̀ bá dúdú ju ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, ẹ má tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì kankan síbẹ̀. Rọ́bà kì í jẹ́ kí ilẹ̀ mí. Omi tó ń gòkè á há sábẹ́ rẹ̀, yàrá á máa rùn bí aṣọ tí wọ́n ká ní tútù, ayálégbé á sì máa fọ báluwẹ̀ lójoojúmọ́ láìmọ̀ pé abẹ́ ẹsẹ̀ òun gan-an ni òórùn náà ti ń wá. Táìlì fara da irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ jù ú lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nǹkan funfun bí iyọ̀ lè máa yọ lójú ìlà àárín rẹ̀.

Kọnkéré tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dà gbọ́dọ̀ lo ó kéré tán ọ̀sẹ̀ 4 kí ohunkóhun tó gun orí rẹ̀. Ti kápẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Táìlì: iye tí ẹ máa rà àti ibi tó ti ń bàjẹ́

Ẹ jẹ́ ká mú yàrá tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 lọ́nà méjèèjì. Ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi mítà 3.6 níbùú àti lóròó, tàbí mítà onígun mẹ́rin 13. Táìlì sẹ̀ǹtímítà 60 sí 60, ẹyọ 4 ló sábà máa ń wà nínú páálí kan, páálí kan sì ń bo mítà onígun mẹ́rin 1.44. Páálí 9 á bo yàrá náà géérégé, àmọ́ ẹ má ra 9. Ẹ ra 10, torí èyí tó máa fọ́ àti èyí tí wọ́n máa gé sí etí ògiri. Kí ẹ wá ra 1 lé e tí ẹ ó tọ́jú pamọ́. Páálí yìí ni ọ̀pọ̀ onílé kì í rà, tí wọ́n sì máa ń wá kiri lẹ́yìn ọdún 2, nígbà tí sìlíńdà gáàsì bá jábọ́ fọ́ táìlì ilé ìdáná, tí àwọ̀ yẹn ò sì sí lọ́jà mọ́.

Bí ẹ bá dé ọjà, yálà ní Orílé l'Ékòó tàbí nítòsí yín, ẹ ka ara páálí. Nọ́ńbà bátìṣì (ìyẹn ti àwọn tí wọ́n jọ ṣe pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà) àti nọ́ńbà àwọ̀ gbọ́dọ̀ bára mu lára gbogbo wọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, apá kan pálọ̀ á pọ́n ju apá kejì lọ nígbà tí iná bá tàn. Èyí tí owó rẹ̀ dínkù lójijì sábà máa ń jẹ́ gíréèdì 2 tàbí 3. Ẹ mú ẹyọ méjì jáde, ẹ dojú wọn kọra. Bí wọ́n bá ń mì, tàbí tí ìmọ́lẹ̀ ń gba àárín wọn kọjá, wọ́n ti tẹ̀, kò sì sí onítáìlì tó lè mú wọn dọ́gba.

Bí àpòpọ̀ tí wọ́n máa tẹ́ sábẹ́ rẹ̀ bá nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 4, yàrá yìí máa gba àpò sìmẹ́ǹtì 4 àti bárò yanrìn 8, ìyẹn àpò 1 sí bárò 2. Kí wọ́n rẹ táìlì séráámíìkì sínú omi títí tí kò fi ní hó mọ́, kó má baà fa omi inú sìmẹ́ǹtì mu. Pọ́sílénì, oríṣi táìlì kejì, yàtọ̀ ní tirẹ̀. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ mu omi rárá, ìdí nìyẹn tí sìmẹ́ǹtì lásán kì í fi í dì mọ́ ọn dáadáa. Gọ́ọ̀mù táìlì inú àpò ló yẹ ẹ́.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí onítáìlì da ìṣù sìmẹ́ǹtì 5 sẹ́yìn táìlì, 4 ní igun, 1 láàrin, kó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Àárín àwọn ìṣù yẹn ṣófo. Ọjọ́ tí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì tàbí fíríìjì bá bọ́ sí ibi tó ṣófo náà, táìlì á là. Kí ẹ tó san owó iṣẹ́ tó kù, ẹ mú kọ́kọ́rọ́, ẹ fi ìdí rẹ̀ kan táìlì níkọ̀ọ̀kan, láàrin àti ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èyí tó kún á dún kì, bí ẹni kan òkúta. Èyí tó ṣófo á dún bí igbá. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i, kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n sì tún un lẹ̀.

Kí àlàfo mílímítà 2 tàbí 3 wà láàrin táìlì, kí ẹnikẹ́ni má sì tẹ̀ ẹ́ fún wákàtí 24 kí wọ́n tó fi sìmẹ́ǹtì funfun dí ojú ìlà. Ní báluwẹ̀, táìlì tó ń dán ò dáa rárá: ọṣẹ àti omi lórí rẹ̀ lè ṣẹ́ àgbàlagbà ní itan. Èyí tí ojú rẹ̀ kò dán, tí kì í yọ̀, ni kí ẹ rà síbẹ̀, kí ilẹ̀ sì máa lọ sílẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 1 sí 2 fún mítà kọ̀ọ̀kan títí dé ojú ihò omi.

Kápẹ́ẹ̀tì

Ohun tó dáa lára onírọ́bà ni pé ọjọ́ kan ni wọ́n ń tẹ́ ẹ tán, owó rẹ̀ kì í dẹ́rù bani, ariwo ẹsẹ̀ ò sì pọ̀ lórí rẹ̀. Fún ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, èyí ṣe pàtàkì, torí ẹni tó wà nísàlẹ̀ ń gbọ́ gbogbo àga tí wọ́n bá wọ́ lórí táìlì.

Ẹ wo fífẹ̀ rẹ̀ kí ẹ tó gé e. Bó bá jẹ́ mítà 2, ẹ máa nílò ojú 2 fún yàrá mítà 3.6, ìsopọ̀ á sì wà láàrin yàrá gan-an, níbi tí ẹsẹ̀ ń gbà jù. Ibẹ̀ ló máa kọ́kọ́ ṣí. Bí ẹ bá rí èyí tó fẹ̀ tó mítà 4, mítà 3.7 ní gígùn á tó láìsí ìsopọ̀ kankan.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fọwọ́ kan bó ṣe nípọn sí. Èyí tí kò tó mílímítà 1 kò yẹ fún ilé rẹ́ǹtì, a ò sì ní fi bò fún yín. Ìdí àga ń gé e, áyọ́ọ̀nù gbígbóná ń yọ́ ọ, etí rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ń ká sókè, ọmọdé á sì fi ẹsẹ̀ kọ́ ọ. Èyí tó tó mílímítà 2 ló lè gba ẹsẹ̀ èèyàn. Ẹ gbá ilẹ̀ dáadáa kí ẹ tó tẹ́ ẹ, torí òkúta yanrìn kan ṣoṣo lábẹ́ rẹ̀ á dá ihò sí i láàrin oṣù díẹ̀. Kí ẹ sì má fi ẹní ẹsẹ̀ onírọ́bà sórí rẹ̀, á fi àbàwọ́n pupa rúsúrúsú sílẹ̀ tí ọṣẹ ò lè mú kúrò.

Rọ́ọ̀gì onírun kò yẹ kí onílé rà fún ayálégbé rárá. Eruku àti irun ẹran ń há sínú rẹ̀, ìdun ń fara pamọ́ sí etí rẹ̀, ọmọ tó ní ikọ́ fée ń jìyà nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀. Bí omi bá dà sí i, kì í gbẹ lọ́jọ́ kan. Ayálégbé tuntun kì í sì í fẹ́ sùn lórí ohun tí ẹlòmíràn ti tẹ̀ fún ọdún 3.

Owó

Ẹ má fi iye tí ẹ san lónìí nìkan ṣe ìṣirò. Ẹ pín in fún iye ọdún tó máa lò. Táìlì tí wọ́n lẹ̀ dáadáa lè lo ọdún 20, ayálégbé 5 tàbí 6 á sì gba orí rẹ̀ kọjá. Kápẹ́ẹ̀tì onírọ́bà tó dáa, bí ọdún 3 sí 5 ni; èyí tó fẹ́lẹ́, ọdún 1 sí 2. Bí owó kápẹ́ẹ̀tì bá jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin owó táìlì, tí ẹ sì ń pààrọ̀ rẹ̀ ní ọdún mẹ́rin mẹ́rin, ẹ ti san ju owó táìlì lọ kí ọdún 20 tó pé, láìka owó iṣẹ́.

Táìlì la fara mọ́ fún pálọ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀, ilé ìdáná àti báluwẹ̀, kódà bí ẹ bá máa ṣe é ní yàrá kọ̀ọ̀kan bí owó bá ṣe ń wọlé. Ibi tí kápẹ́ẹ̀tì ti lè bọ́gbọ́n mu ni yàrá ìsùn òkè tí ilẹ̀ rẹ̀ gbẹ, tàbí ilé tí ẹ fẹ́ tún kọ́ láìpẹ́. Níbẹ̀ náà, ẹ dán sìmẹ́ǹtì dáadáa kí ayálégbé tẹ́ ohun tó bá wù ú.

Àmọ́ kí ìwé àdéhùn sọ ọ́ kedere pé kò gbọ́dọ̀ fi gọ́ọ̀mù lẹ kápẹ́ẹ̀tì mọ́ táìlì tàbí ilẹ̀ yín. Ní ọjọ́ tó bá gba kọ́kọ́rọ́, ẹ jọ ya fọ́tò gbogbo yàrá, kí ẹ ka táìlì tó là, kí ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ̀yin méjèèjì sì fọwọ́ sí i. Ìwé yẹn lẹ máa gbé jáde lọ́jọ́ tó bá béèrè owó caution rẹ̀, ìyẹn owó tó fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ yín nítorí ohun tó bá bàjẹ́.