Lẹ́ǹsì súùmù 18-55mm àbí ojúkan 50mm: èwo ló yẹ kí ẹ náwó sí?

Ẹni tó ń ya fọ́tò fún fàájì, tí kì í fi jẹun, lẹ́ǹsì 18-55mm ló sábà máa ń bá nínú páálí nígbà tó bá kọ́kọ́ ra kámẹ́rà. Kì í pẹ́ tí ẹnìkan á fi sọ fún un pé lẹ́ǹsì yẹn ò já mọ́ nǹkan, pé 50mm f/1.8 ni kó lọ rà bó bá fẹ́ kí fọ́tò rẹ̀ dá yàtọ̀. Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún èmi náà, mo sì náwó sí i. N ò kábàámọ̀, àmọ́ ká ní mo ti mọ ohun tí mo mọ̀ báyìí ni, 50mm kọ́ ni ǹ bá rà.

Lẹ́ǹsì súùmù ni èyí tí ẹ máa yí òrùka ọrùn rẹ̀, kí ohun tó jìnnà lè súnmọ́, tàbí kí ojú ibẹ̀ fẹ̀ sí i. Iye mm ló ń sọ bí lẹ́ǹsì ṣe ń fa nǹkan súnmọ́ tó: bó bá kéré, ojú ibẹ̀ á fẹ̀, bó bá pọ̀, nǹkan á súnmọ́. Ojúkan kì í sún. Bí nǹkan bá kéré jù nínú rẹ̀, ẹ dìde kí ẹ rìn lọ bá a.

Nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú

Nọ́ńbà tó tẹ̀lé "f" ló ń sọ bí ihò inú lẹ́ǹsì ṣe lè ṣí tó. Bó bá ṣe kéré tó, bẹ́ẹ̀ ni ihò náà ṣe ń fẹ̀ tó. Ẹ wo ojú 18-55mm yín dáadáa: lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, 3.5-5.6 ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ó lè ṣí dé f/3.5 ní 18mm, àmọ́ bí ẹ bá sún un dé 55mm, f/5.6 ló máa mọ. Ìmọ́lẹ̀ tí f/1.8 ń gbà wọlé sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́wàá ti f/5.6.

Ìlọ́po mẹ́wàá yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Mo wà nínú yàrá kan nírọ̀lẹ́, gílóòbù kan ṣoṣo ló ń tàn, ọmọdé méjì ń ju bọ́ọ̀lù síra wọn. Súùmù wà ní 55mm, ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ sí, wà ní 1600, 1/20 ìṣẹ́jú àáyá ni kámẹ́rà fún mi láti fi ya fọ́tò. Àga hàn kedere, ògiri hàn kedere, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn ọmọ náà rí bí èéfín. Mo yọ ọ́, mo fi 50mm sí i, n ò fọwọ́ kan ISO. Ó di 1/200. Bọ́ọ̀lù dúró sójú afẹ́fẹ́, mo sì lè ka ojú rírán ara rẹ̀. Kí n tó rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lórí súùmù, àfi kí n gbé ISO dé 16000, kí ẹ̀rún bí iyanrìn sì bo gbogbo ojú fọ́tò.

Ẹnìkan á ní ṣebí súùmù òun ní ohun tí kì í jẹ́ kí àwòrán gbọ̀n. Òótọ́ ni, Canon ń pè é ní IS, Nikon ń pè é ní VR, Sony ń pè é ní OSS. Ọwọ́ tiyín tó ń gbọ̀n nìyẹn ń bá wí. Kò lè dá ọmọ tó ń sáré dúró. Ibi tí mo ti máa ń gbé súùmù yẹn lékè ni ohun tí kì í mira: ilé, afárá, òpópónà lálẹ́.

Kí ẹ má sì jẹ́ kí f/1.8 pa yín bí ọtí o. Bí ẹ bá súnmọ́ èèyàn tó kọ ẹ̀gbẹ́ sí yín díẹ̀, ojú rẹ̀ kan á mọ́ kedere, ìkejì á ṣú bàìbàì. Bó bá ti di èèyàn méjì tí wọn ò dúró lórí ìlà kan náà, f/4 ni mo ń lò.

Nígbà tí àyè bá há

Ibí yìí ni mo ti ṣìnà. Kámẹ́rà mi kì í ṣe full frame, èyí tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ (ojú tó ń gba àwòrán nínú kámẹ́rà) tó férémù fíìmù; APS-C ni, sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ kéré. Lórí irú rẹ̀, ṣe ló dà bí ẹni pé wọ́n gé etí fọ́tò kúrò: 50mm á máa ríran bíi 75mm lára Nikon, Sony àti Fujifilm, bíi 80mm lára Canon. Mo gbé e nìkan rìnrìn àjò ọjọ́ mẹ́rin. Èèyàn mẹ́fà jókòó nínú yàrá kékeré kan, mo fẹ̀yìn ti ògiri, ẹni mẹ́rin péré ló wọlé. Mo jáde síta láti ẹnu ọ̀nà, férémù ilẹ̀kùn gba ìdajì fọ́tò. 18mm ì bá gbé gbogbo wọn, pẹ̀lú àjà lókè orí wọn.

Ayé fíìmù ni wọ́n ti ń yin 50mm bọ̀, nígbà tí férémù jẹ́ 36 × 24mm. Bí kámẹ́rà yín bá jẹ́ APS-C, 35mm f/1.8 ló ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ń sọ. Ìyẹn ni ǹ bá rà.

Ní ti ọ̀sán gangan, ní f/8, n ò rí ẹni tó máa wo fọ́tò méjèèjì tí á mọ èyí tó wá láti ibo. Ìwúwo náà ò tó nǹkan láti jà lé lórí. Ohun kan ṣoṣo ni pé ẹni tó gbé súùmù kì í yọ lẹ́ǹsì láàárín eruku, torí náà sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ ń mọ́ pẹ́.

Kí ẹ tó sanwó

Ẹ ṣí àlàyé tó so mọ́ àwọn fọ́tò àtijọ́ yín lórí kọ̀ǹpútà, iye mm tí ẹ fi ya ọ̀kọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé 18 sí 24mm ló pọ̀ jù, ẹ fi owó yín sápò, 50mm á máa bí yín nínú. Bó bá jẹ́ àárín 35 sí 55mm, tí èyí tó pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ fọ́tò èèyàn nínú ilé, ẹ lọ ra ojúkan. Bí ẹ ò bá dá a mọ̀, ẹ fi sẹ́lótéèpù di òrùka súùmù mọ́ 35, kí ẹ lò ó bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ tún un dì mọ́ 50 lọ́sẹ̀ kejì.

Ẹni tó ń lo Nikon D3000 tàbí D5000 àti àwọn àbúrò wọn, ẹ ṣọ́ra fún 50mm f/1.8D tí wọ́n ń tà lówó pọ́ọ́kú. Kò ní mọ́tò nínú, kámẹ́rà yẹn náà ò ní, ọwọ́ lẹ máa fi máa wá ibi tó ti mọ́ kedere. AF-S, èyí tó ní mọ́tò nínú, ni kí ẹ béèrè.

Bó bá jẹ́ àlòkù, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì gba inú gíláàsì rẹ̀. Eruku díẹ̀ ò burú. Bí ẹ bá rí okùn tín-ín-rín tó tàn kálẹ̀ bí òwú aláǹtakùn, ó ti bu nìyẹn, ẹ fi í sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi sára kámẹ́rà yín, kí ẹ ya nǹkan kan ní f/1.8 àti ní f/8. Bí ẹni tó ń tà á bá ní kò sáyè ìyẹn, ẹ kí i pé ó dàbọ̀.