Ilé wo ni kí ẹ sanwó fún? Ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ físà ìfẹ̀yìntì ní Tháílándì tó sì fẹ́ máa rìn káàkiri

Ẹni tó bá ti pé ẹni 50 ọdún, tó ní 800,000 baht, owó ilẹ̀ Tháílándì, nínú báńkì níbẹ̀ tàbí tí 65,000 baht ń wọlé fún lóṣooṣù, lè gba àṣẹ ọdún kan láti máa gbé ibẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ti fẹ̀yìntì, kó sì máa tún un gbà lọ́dọọdún. Owó yìí ni gbogbo èèyàn kọ́kọ́ ń béèrè. Ọ̀rọ̀ ilé gan-an ló ń da ọ̀pọ̀ láàmú, àgàgà àwọn tí kò fẹ́ jókòó sójú kan: ẹni tó fẹ́ gbé Chiang Mai ní àríwá nígbà òtútù, kó sá lọ sí Hua Hin létí òkun láti oṣù kejì sí oṣù kẹrin tí èéfín igbó jíjó bá bo àríwá, kó tún yà wo Isaan, ìyẹn agbègbè àríwá ìlà-oòrùn, kó tó padà.

Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí òfin ń fẹ́ ná. Òfin ìmígíréṣọ̀n wọn ti ọdún 1979 ní kí ẹni tó ni ilé, tàbí tó ń mójú tó o, fi àlejò ilẹ̀ òkèèrè tó bá wọ̀ síbẹ̀ tó ìjọba létí láàárín wákàtí 24. Fọ́ọ̀mù TM30 nìyẹn. Ẹ̀yin fúnra yín á tún máa sọ àdírẹ́sì yín ní gbogbo ọjọ́ 90 tí ẹ bá lò láìjáde kúrò nílẹ̀ náà. Ìyẹn ni TM47. Bí àkókò àtigba àṣẹ tuntun bá tó, ọ́fíìsì ìpínlẹ̀ tí ẹ ń gbé ni ẹ ó lọ, wọn á sì béèrè ìwé àdéhùn ilé, ẹ̀dà ìwé ìdánimọ̀ onílé, ẹ̀dà tabien baan, ìyẹn ìwé aláwọ̀ búlúù tí wọ́n fi ń forúkọ ilé sílẹ̀, àti ẹ̀rí TM30. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kí ẹ wo onílé dáadáa kí ẹ tó wo ilé.

Yíyá ilé fún ọdún kan

Èyí ni mo fara mọ́ jù lọ. Ẹ yá yàrá kékeré kan nínú kọ́ńdò, ìyẹn ilé ńlá tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti lè ra fúláàtì tirẹ̀, ẹ fi ṣe ibùdó, kí ẹ máa tibẹ̀ jáde, kí ẹ máa padà síbẹ̀. Ká ní 10,000 baht ni owó oṣù, èyí tí kò ṣòroó rí ní Chiang Mai, 120,000 baht lọ́dún nìyẹn. Bí ẹ bá fi oṣù márùn-ún rìn kiri, 50,000 baht lẹ san lórí yàrá tí ẹ kò sùn sí. Ó máa ń dunni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n owó yẹn ló ń jẹ́ kí àdírẹ́sì yín dúró, kó jẹ́ ọ́fíìsì kan náà lẹ ó máa lọ, kí ẹrù yín má sì máa bá yín kiri.

Ọ̀dọ̀ onílé ni ibi tó ti máa ń wọ́. Àwọn kan kì í fẹ́ kí ẹ̀dà ìwé ìdánimọ̀ wọn dé ọ̀dọ̀ ìjọba, nítorí wọn kò sọ fún agbowó-orí pé àwọn ń gba owó ilé. Àwọn mìíràn ń gbé òkè òkun, ẹ́jẹ́ǹtì nìkan lẹ ó máa rí. Nítorí náà, kí ẹ tó san owó àfisílẹ̀, tó sábà máa ń jẹ́ owó oṣù méjì, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn pé onílé ni yóò ṣe TM30, pé yóò fún yín ní ẹ̀dà ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀ àti ti tabien baan, àti pé yóò fi báírò búlúù fọwọ́ sí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan. Ẹ ní kó ṣí ojú òpó TM30 hàn yín lórí fóònù rẹ̀. Ẹni tó ti ń ṣe é á wọlé síbẹ̀ lójú yín. Ẹni tó bá kàn rẹ́rìn-ín, tó ní mai pen rai, kò sí wàhálà, ẹ má tíì sanwó fún un.

Bí ẹ bá sùn sí òtẹ́ẹ̀lì lójú ọ̀nà, òtẹ́ẹ̀lì ni yóò fi orúkọ yín ránṣẹ́. Wọ́n ti dẹ òfin náà díẹ̀ ní 2020, tí ẹni tó padà sí àdírẹ́sì rẹ̀ àtẹ̀yìnwá kò fi nílò TM30 tuntun. Síbẹ̀, ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe ń ṣe tirẹ̀, ẹ béèrè ní tiyín.

Fúláàtì olóṣooṣù tàbí òtẹ́ẹ̀lì

Àwọn ilé tó ní ìwé àṣẹ òtẹ́ẹ̀lì ń ṣe TM30 fún gbogbo àlejò, ẹnikẹ́ni kò ní bẹ̀ wọ́n. Ẹ lè lo oṣù kan níbí, oṣù méjì lọ́hùn-ún. Fún ìrìn-àjò nìkan, kò sí èyí tó dẹrùn tó o. Owó ni ìṣòro: bí oṣù kan bá jẹ́ 18,000 baht, 216,000 lẹ ó ná lọ́dún. Iná mànàmáná tún wà níbẹ̀, tí àwọn ilé kan ń tà ní 7 tàbí 8 baht lórí ẹyọ kan nígbà tí iye ìjọba kò ju nǹkan bíi 4 lọ. Nígbà tí ẹ bá sì fẹ́ gba àṣẹ ọdún tuntun, ẹ gbọ́dọ̀ fìdí kalẹ̀ sí ìpínlẹ̀ kan, kí ilé náà sì gbà láti kọ ìwé fún yín. Ẹ béèrè èyí ṣáájú. Àwọn kan kì í kọ ọ́.

Ẹ ṣọ́ra fún kọ́ńdò tí wọ́n ń fi háyà lọ́jọ́ mélòó kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Òfin òtẹ́ẹ̀lì ti 2004 kò gba kí ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ fi yàrá háyà fún ohun tí kò tó ọjọ́ 30. Ẹni tó ń ṣe é níkọ̀kọ̀ kò ní fẹ́ fi orúkọ yín ránṣẹ́ sí ìmígíréṣọ̀n, ẹ̀yin ni yóò sì dààmú nígbà tí wọ́n bá béèrè TM30.

Ríra kọ́ńdò

Kọ́ńdò tí ẹ bá rà kò fún yín ní físà ìfẹ̀yìntì. Ọ̀pọ̀ ló rò pé ó ń fún wọn. Ohun tó ń fún yín ni pé ẹ ti di onílé: ẹ̀yin lẹ ó máa ṣe TM30 ara yín, ẹ kò ní bẹ ẹnikẹ́ni fún ẹ̀dà ìwé. Àwọn àjèjì kò gbọ́dọ̀ ní ju ìdá 49 nínú ọgọ́rùn-ún àyè inú ilé kan lọ, nítorí náà ẹ wádìí bóyá àyè ṣì wà. Owó rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti òkè òkun wọlé ní owó ilẹ̀ òkèèrè, kí báńkì sì fún yín ní ìwé ẹ̀rí. Owó ìyípadà orúkọ jẹ́ ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún iye tí ìjọba dá lé e. Àjèjì kò lè ra ilẹ̀. Ẹni tó bá ní kí ẹ lo orúkọ ẹlòmíràn fi rà á, ẹ sá fún un.

Ẹ sì má fi 800,000 baht ti físà kún owó ilé. Ó gbọ́dọ̀ ti wà ní báńkì fún oṣù méjì kí ẹ tó béèrè àṣẹ, kó wà níbẹ̀ fún oṣù mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ wálẹ̀ kọjá 400,000 nínú àwọn oṣù yòókù. Kọ́ńdò 2,500,000 baht ju owó ilé 20 ọdún lọ, ní 10,000 lóṣù. Á sì ti de ẹni tó fẹ́ràn ìrìn-àjò mọ́ ìlú kan. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ rà, ẹ kọ́kọ́ yá yàrá nínú ilé náà gan-an fún ọdún kan.

Ẹ̀yin ará wa ní Ìlú Ọba, ẹ ro èyí mọ́ ọn: owó ìfẹ̀yìntì ìjọba yín kì í lékún lọ́dọọdún bí ẹ bá ti ń gbé Tháílándì. Owó ilé á máa lékún.

Ilé ọ̀rẹ́ tàbí ti ìyàwó

Kò náni lówó púpọ̀, ó sì bófin mu bí onílé bá ṣe TM30 tó sì fi ìwé rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí ó bá ní irú onílé bẹ́ẹ̀ kò nílò èyíkéyìí nínú àwọn tó ṣáájú.

Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, bí ìrìn-àjò yín bá máa wọ Laos tàbí Malaysia, ẹ gba àṣẹ ìpadàwọlé kí ẹ tó jáde: 1,000 baht fún ẹ̀ẹ̀kan, 3,800 fún ìgbà púpọ̀. Bí ẹ bá jáde láìgbà á, àṣẹ ọdún yẹn ti parí, ilé tí ẹ san owó rẹ̀ kò sì lè dá a padà.